Macpherson: Ọmọ Àlùfáà ni Ìtumọ̀ Rẹ̀

Ní sáà tó kọjá, orúkọ àmútọ̀runwá àti orúkọ àbísọ la kọ́ nípa rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, orúkọ ìdílé òyìnbó kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Kí ló kan ẹgbẹ́ Yorùbá nínú orúkọ òyìnbó?" Ẹ fara balẹ̀. Orúkọ yìí ló gbé mi dé ìdí orúkọ ilé bàbá mi.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, olùkọ́ wa tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìtàn kó àwa ọmọ SS2 lọ sí Iva Valley, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú láyé àwọn òyìnbó. Ibi tí a dúró sí dákẹ́ rọ́rọ́, àfi ẹyẹ. Olùkọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún wa. Ọ̀rẹ́ mi kan wá bi wọ́n pé, "Sà, ta ni gómìnà nígbà náà?" Wọ́n ní, "Macpherson." Gbogbo wa la mọ orúkọ náà, nítorí Òfin Macpherson ti 1951 wà nínú ìwé wa. Èmi wá béèrè pé kí ni "Mac" tó máa ń ṣáájú orúkọ wọn yìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìwọ lọ wádìí rẹ̀ fún wa." Èsì iṣẹ́ náà nìyí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Iva Valley

Ọdún 1909 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tí Albert Kitson ṣáájú fún rí èédú ní agbègbè Udi. Ní 1915 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wà á. Ní 1916 ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé e lọ sí Port Harcourt, nígbà tó sì di 1917 wọ́n ṣí kòtò ti Iva Valley. Orúkọ Enugu fúnra rẹ̀, èdè Ìgbò ni. "Orí òkè" ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, àwọn awakùsà ń bá àwọn ọ̀gá wọn fà á lórí owó iṣẹ́ tí wọ́n ní wọ́n jẹ àwọn. Wọn ò jókòó sílé o. Wọ́n ń lọ sínú kòtò, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù wá ń ba ìjọba pé ohun abúgbàù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń jà fún òmìnira, ni wọ́n bá rán ọlọ́pàá pé kí wọ́n lọ kó o kúrò. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, àwọn ọlọ́pàá dé Iva Valley lábẹ́ ọ̀gá wọn kan tó ń jẹ́ F. S. Philip. Àwọn awakùsà pé jọ, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ wọn. Philip pàṣẹ, wọ́n yìnbọn. Ènìyàn 21 kú, 51 sì fara gbọgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti Enugu nìkan. Dókítà Akinola Maja, ọmọ Yorùbá, ni alága ìgbìmọ̀ tí àwọn ajìjàgbara dá sílẹ̀ ní Èkó nítorí rẹ̀. Nínú ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Sir William Fitzgerald darí, Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá wà níbẹ̀, ẹni tó padà di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè wa.

Gómìnà tó wà lórí oyè nígbà náà ni Sir John Macpherson. Ìlú Edinburgh ní Scotland ni wọ́n ti bí i ní 1898. Ó dé Nàìjíríà ní 1948, ó sì wà níbí títí di 1955.

Ìtumọ̀ orúkọ náà

Àwọn ará òkè Scotland ní èdè tiwọn tí kì í ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì. Gaelic ni wọ́n ń pè é. Nínú èdè náà, "mac" ni ọmọkùnrin. "Pearsan" ni àlùfáà tó ń bójú tó ìjọ àdúgbò kan. Bí wọ́n bá so wọ́n pọ̀, yóò di Mac a' Phearsain, ìyẹn "ọmọ àlùfáà".

Ẹ wo bí "p" ṣe di "ph" tí wọ́n ń pè bí "f". Kì í ṣe àṣìṣe. Òfin èdè wọn ni pé kí ọ̀rọ̀ yí díẹ̀ bí ó bá wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Àwa náà ń ṣe irú rẹ̀ lójoojúmọ́ láìfura. A máa ń sọ pé "mo rà á", ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ ohun tí a rà, ohùn á yí: "mo ra aṣọ." Ọ̀rọ̀ kan náà ni, àyè tó wà ló yí i padà.

Bí ó bá jẹ́ obìnrin, Gaelic kì í pè é ní Mac. Nic a' Phearsain ni wọ́n ń pè é, ọmọbìnrin ni "Nic" ń tọ́ka sí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sọ gbogbo wọn di Mac, tọkùnrin tobìnrin.

Ẹ lè béèrè pé báwo ni àlùfáà ṣe bímọ, nígbà tó jẹ́ pé àwọn fadá kì í gbéyàwó. Láyé àtijọ́ ní Scotland, ọ̀pọ̀ àlùfáà ló ní aya, tí ọmọ sì máa ń gba ipò bàbá rẹ̀. Ìtàn ìdílé Macpherson sọ pé Muireach, àlùfáà ìlú Kingussie ní agbègbè Badenoch, ni baba ńlá wọn, ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tún ń pe ìran náà ní Clann Mhuirich, àwọn ọmọ Muireach.

Ṣùgbọ́n Kingussie nìkan kọ́ ló ní àlùfáà. Àwọn Macpherson wà ní erékùṣù Skye tí wọn kò bá ti Badenoch tan. Ọmọ àlùfáà mìíràn ni àwọn yẹn. Bí ó ṣe rí lọ́dọ̀ wa náà nìyẹn. Gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Àyàn kọ́ ló jáde láti agbo ilé kan, ṣùgbọ́n ìlù ló so wọ́n pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọdẹ́, Ọ̀jẹ́ àti Fá. Iṣẹ́ ilé ni orúkọ náà ń sọ.

Àwọn tó jẹ́ orúkọ náà, àti ibi tó tàn dé

Ewen Macpherson ti Cluny jẹ́ olórí ìran náà nígbà tí àwọn ará òkè Scotland dìde sí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1745. Wọ́n ṣẹ́gun wọn ní Culloden ní 1746, wọ́n sì dáná sun ilé rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi sá pamọ́ sórí òkè ní ilẹ̀ ara rẹ̀ kí ó tó ráyè sá lọ sí ilẹ̀ Faransé. Àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ ibi tó wà, wọn ò tú u.

James Macpherson, tí wọ́n bí nítòsí Kingussie ní 1736, ló kan àwa ẹgbẹ́ yìí jù. Ó gbé àwọn ewì jáde, ó ní akéwì àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Ossian ló ni wọ́n, pé òun kàn túmọ̀ wọn láti èdè Gaelic ni. Gbogbo Yúróòpù kà á. Àwọn kan wá ní kó mú ojúlówó rẹ̀ jáde, kò rí i mú jáde bó ṣe yẹ. Òótọ́ ni pé ó gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ó da tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, kò sì sọ èwo ni tàwọn àgbà, èwo ni tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba oríkì àti ìjálá sílẹ̀ fún ẹgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún yín, ibi tó ti sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Ohun tí ẹ bá fi kún un, ẹ jẹ́ kó hàn.

Lónìí, orúkọ náà ṣì wọ́pọ̀ ní òkè Scotland. Àwọn tó kó kúrò nílé nítorí ìyà àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbé e lọ sí Kánádà, Ọsirélíà àti Amẹ́ríkà. Àwọn kan ń kọ ọ́ ní McPherson, àwọn kan ní MacPherson, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Dókítà kan láti Newfoundland tó ń jẹ́ Cluny Macpherson ṣe ìbòjú fún àwọn ọmọ ogun ní 1915, kí afẹ́fẹ́ olóró má baà pa wọ́n.

Ó wà ní Jàmáíkà pẹ̀lú, lára àwọn aláwọ̀ dúdú. Stephenie Ann McPherson wà nínú àwọn obìnrin Jàmáíkà tó gba wúrà nínú eré ìje 400 oníṣísẹ̀ntẹ̀lé ti àgbáyé ní 2015. Ọ̀pọ̀ ará Scotland ló ní oko ìrèké níbẹ̀ láyé òwò ẹrú, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sì padà ń jẹ́ orúkọ wọn. Àwọn ẹrú náà ní orúkọ tí ìyá àti bàbá wọn sọ wọ́n tẹ́lẹ̀.

Mac tó di ti Yorùbá

Àwa náà ní Mac tiwa. Macaulay, "ọmọ Olaf" ni, Olaf sì jẹ́ orúkọ àwọn ará Norway tó tẹ̀dó sí erékùṣù Scotland láyé àtijọ́. Zachary Macaulay, ọmọ Scotland, jẹ́ gómìnà Sierra Leone láàárín 1794 sí 1799. Àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú tẹ̀dó síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń jẹ́ orúkọ àwọn òyìnbó. Báyìí ni ọmọ Yorùbá kan ṣe di Thomas Babington Macaulay, ẹni tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Ọmọ rẹ̀ ni Herbert Macaulay, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther. Òun ló wá fi orúkọ òyìnbó bá òyìnbó jà títí ó fi kú ní 1946.

Orúkọ ilé wa

Ibi tí ọ̀rọ̀ kàn mí nìyí. Bí mo ṣe ń ka "ọmọ àlùfáà" yìí, mo rántí fọ́tò bàbá ńlá mi tó wà nílé. Wọ́n kọ "Fáṣèyí" sí ẹ̀yìn rẹ̀. Olúṣèyí sì ni à ń jẹ́. Nígbà ìsinmi àárín sáà, mo fi fóònù màmá mi pe bàbá mi àgbà ní Ìkirè.

"Ẹ káàárọ̀ sà, Bàbá."

"Àkànní, ṣé dáadáa lo wà? Ìwé ńkọ́?"

Mo ní, "Dáadáa ni, sà. Bàbá, ṣé a ti ń jẹ́ Olúṣèyí láti ilẹ̀ ni?"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Rárá. Èmi ni mo yí i padà. Bàbá mi máa ń dáfá. Nígbà tí mo wọ Modern School ní 1957, wọ́n ní orúkọ abọ̀rìṣà ni. Ojú tì mí. Mo pa Fá rẹ́, mo fi Olú sí i."

"Kí ni bàbá yín wí?"

"Kò bá mi jà. Ṣùgbọ́n títí ó fi kú, kò fi ẹnu rẹ̀ pe Olúṣèyí rí."

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Bàbá mi àgbà jẹ́ àgbà ìjọ, wọn ò kábàámọ̀ ìgbàgbọ́ wọn, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ohun tó dùn wọ́n ni pé wọn ò bi bàbá wọn kí wọ́n tó pa á rẹ́.

Sáà tó ń bọ̀ la máa kọ orúkọ wa sílẹ̀ fún WAEC, ohun tí a bá sì kọ sílẹ̀, ó di títí ayé. Mo bi bàbá mi bóyá a lè dá Fáṣèyí padà. Wọ́n ní gbogbo ìwé mi ló ti wà ní Olúṣèyí, kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbà. Ẹni tó ń jẹ́ Macpherson lónìí kò ní láti jẹ́ àlùfáà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fi ilé tó ti wá pamọ́. Èmi náà á máa sọ ilé tí mo ti wá.

Nígbà tí à ń bọ̀ láti Iva Valley, olùkọ́ wa bi wá nínú ọkọ̀ pé kí a dárúkọ ẹnì kan péré nínú àwọn awakùsà 21. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Orúkọ gómìnà là ń há sórí lọ́dọọdún. Mo ti wá mọ méjì báyìí: Sunday Anyasodo àti Ani Amu. Àwọn náà ní bàbá tó sọ wọ́n lórúkọ.

Iṣẹ́ ṣíṣe fún ìpàdé tó ń bọ̀

1. Bi àgbà kan nílé yín pé kí ni ìdílé yín ń jẹ́ kí ìwé tó dé, àti ẹni tó yí i padà bí wọ́n bá yí i.
2. Kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún ọ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Má ṣe bíi James Macpherson.
3. Wá orúkọ kan sí i nínú àwọn 21 náà, kí a lè kọ gbogbo wọn sára pátákó ẹgbẹ́ kí ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá tó pé.

Àkànní Olúṣèyí, ọmọ Fáṣèyí, SS2.