Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ àti Odindi



Àwọn àgbà a máa wí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa léèrè: kí ni ó ń sọ àbọ̀ náà di odindi? Ìgbà wo ni kì í sì í rí bẹ́ẹ̀?

Ní ọdún 1948, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Claude Shannon, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Bell, ṣe àlàyé bí iṣẹ́ tí a rán ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rán an sí. Ẹnì kan ni ó ni ọ̀rọ̀. A sọ ọ̀rọ̀ náà di àmì. Àmì náà gba ọ̀nà kan kọjá. A tú u padà sí ọ̀rọ̀ ní òpin ọ̀nà. Ẹlòmíràn sì gbà á. Ṣùgbọ́n ariwo lè wọlé lójú ọ̀nà kí ó sì ba àmì náà jẹ́. Bí àmì ṣe ń dé ni ó jẹ Shannon lógún, kì í ṣe ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1954, Wilbur Schramm tẹnu mọ́ ohun méjì mìíràn: ohun tí olùsọ̀rọ̀ àti olùgbọ́ jọ mọ̀ ni ó ń mú kí ọ̀rọ̀ yé wọn, èsì ni olùsọ̀rọ̀ sì fi ń mọ̀ bí ọ̀rọ̀ òun ti yéni.

Àwọn baba wa fi èyí hàn nínú àrokò. Bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́, ẹni tí ó mọ àrokò mọ̀ pé ọkàn olùránṣẹ́ fà sí òun, nítorí pé a ń gbọ́ “fà” nínú ẹẹ́fà. Bí òun náà bá gbà, a fi mẹ́jọ dáhùn: èrò wọn jọra. Lójú àjèjì, owó lásán ni. Ohun tí a jọ mọ̀ ni ó ń sọ àbọ̀ di odindi.

Ẹ wá wo ibi tí àbọ̀ kò ti tó. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1977, ní pápá ọkọ̀ òfurufú Los Rodeos, ní erékùṣù Tenerife ti ilẹ̀ Sípéènì, ọkọ̀ òfurufú ńlá méjì wà lójú ọ̀nà kan náà. Kùrukùru kò jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn. Láti inú èkíní, wọ́n sọ gbólóhùn kan tí a lè gbọ́ sí pé wọ́n ń dúró de àṣẹ, tí a sì lè gbọ́ sí pé wọ́n ti ń gbéra. Adarí ọkọ̀ dáhùn pé, “Ó dára,” ó sì fi kún un pé kí wọ́n dúró. Ní àkókò kan náà, ọkọ̀ kejì ń ké pé àwọn ṣì wà lójú ọ̀nà. Ohùn méjèèjì kọlu ara wọn nínú rédíò. “Ó dára” dún ketekete, ariwo bo ìyókù. Ọkọ̀ èkíní kò dúró. Ènìyàn 583 ni ó kú. Lónìí, a fi ọ̀rọ̀ “gbéra” pamọ́ fún àṣẹ ìgbéra àti fífagi lé e nìkan, awakọ̀ sì gbọ́dọ̀ tún àṣẹ náà sọ padà fún adarí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ilé wa. Bí ọmọ bá pe ilé láti Èkó, tí ó ní, “Ẹ fún Màmá ní oògùn méjì láàárọ̀,” ṣé oríṣi méjì ni, àbí hóró méjì? Olùsọ̀rọ̀ mọ ohun tí ó ní lọ́kàn. Olùgbọ́ rò pé òun mọ̀ ọ́n. Aláìsàn ni yóò jẹ ìyà àṣìṣe náà. Kí ọmọ náà tó pa fóònù, kí ó wí pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ kí n gbọ́.” Kì í ṣe àrífín; ìtọ́jú ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, ẹ má ṣe ka ọ̀rọ̀ sí èyí tí ó parí nítorí pé ẹ ti sọ ọ́. Nínú ìkíni àti àwàdà, àbọ̀ tó. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ̀mí, owó tàbí àlàáfíà ilé bá wà, ẹ sọ odindi, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì.