Ọ̀pọ̀ Ẹ̀ka Inú Kàráté

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi ni ó mọ̀ pé bí mo bá ti jáde ní kíláàsì ẹ̀kọ́ ìró èdè, ibi tí a ti ń kọ́ kàráté ni ẹsẹ̀ mi máa ń gbé mi lọ. Àwọn kan ti bi mí pé kí ni akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń fi ìjà àwọn ará Jàpáànù ṣe. N kò ní dáhùn ìyẹn lónìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ìdí tí ìjà kan ṣoṣo fi ní ẹ̀ka púpọ̀, nítorí pé àìmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ti dójú tì mí rí.

Ẹ̀ka Shotokan ni mo kọ́. Nígbà tí mo lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ̀nù, mo wọ gbọ̀ngàn àwọn oní-Wado-ryu. Olùkọ́ wọn ní kí a ṣe Pinan Nidan. Mo mọ̀ pé Heian ni àwa ń pe Pinan, mo sì mọ̀ pé Nidan ni èkejì. Mo bá bẹ̀rẹ̀ Heian kejì. Gbogbo wa jọ yà sí òsì, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ni wọ́n nà jáde, èmi gbé méjèèjì sókè. Ẹ̀rín sọ. Olùkọ́ náà ní kí n lọ dúró sẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, pé ẹni tí ó kọ́ mi kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Ṣé olùkọ́ mi kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́? Ẹ jẹ́ kí a wo orírun rẹ̀. Erékùṣù Okinawa ni kàráté ti wá, ilẹ̀ ọba Ryukyu títí di 1879 tí Jàpáànù fi sọ ọ́ di ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Te, èyí ni ọwọ́, ni wọ́n ń pe ìjà náà. Orúkọ ìlú ni wọ́n fi ń yà á sọ́tọ̀: Shuri-te, Naha-te, Tomari-te. Ẹsẹ̀ lásán ni ènìyàn lè fi rin ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ lórí ẹ̀ka-èdè, ṣé èyí ṣàjèjì sí yín?

Ní Shuri, Itosu Anko ni ó ṣe Pinan márùn-ún fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ní Naha, Higaonna Kanryo, tí ó ti kọ́ṣẹ́ ní ilẹ̀ Ṣáínà, ń kọ́ni ní Sanchin: ọmọ-ìka ẹsẹ̀ á kọjú sínú, gbogbo ara á le, ènìyàn á sì máa mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Mabuni Kenwa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, ó sì fa orúkọ Shito-ryu yọ láti inú orúkọ wọn.

Funakoshi Gichin, ọmọ ẹ̀kọ́ Itosu, ni ó gbé ìjà yìí lọ sí Tokyo ní 1922. Òun ni ó sọ Pinan di Heian, tí ó sì fi èkejì ṣe èkíní, èkíní ṣe èkejì, nítorí pé èkejì rọrùn fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ibi tí mo ti kọsẹ̀ gan-an nìyí! Otsuka Hironori, tí ó ti gbọ́ jujutsu dáadáa kí ó tó wá sọ́dọ̀ Funakoshi, dá Wado-ryu sílẹ̀ ní 1934, ó sì fi ètò àtijọ́ sílẹ̀ bí ó ti wà. Ìdúró wọn ga, ó sì kúrú. Bí ẹ̀ṣẹ́ bá ń bọ̀, gbogbo ara ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́. Àwa Shotokan ni a máa ń na ẹsẹ̀ gbọọrọ, tí a ń lọ sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ jókòó.

Lójú tèmi, ìjà náà dàgbà ju orúkọ àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí lọ fíìfíì. Ìtàn sọ pé ní 1930, wọ́n bi ọmọ ẹ̀kọ́ Miyagi Chojun kan léèrè orúkọ ẹ̀ka rẹ̀ ní Tokyo, kò sì ní orúkọ tí yóò dá. Lẹ́yìn èyí ni Miyagi mú Goju-ryu: go ni líle, ju ni rírọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo padà sí gbọ̀ngàn náà. Mo tọrọ àyè, mo ṣe Heian Shodan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Olùkọ́ náà wò mí títí. Kò sọ nǹkan kan nípa olùkọ́ mi mọ́. Ó ní kí n bọ́ síwájú, ṣùgbọ́n kí n gbé ìdúró mi sókè díẹ̀.