Mílíìkì Wo Ni Kí A Fún Ọmọ Ọ̀yà Tí Ìyá Rẹ̀ Kú?

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí kan àwọn tó ń sin ọ̀yà nílé, ó sì kan ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá títì Èkó sí Benin níhìn-ín ní Orè, nítorí ọ̀dọ̀ yín ni àwọn ọdẹ máa ń gbé ọmọ ọ̀yà tí wọ́n bá bá láàyè wá.

Ìṣòro ẹni tó ń sìn ín ló tilẹ̀ burú jù. Ó ti yáwó nínú ẹgbẹ́, ó ti ra abo, ó ti dúró bí oṣù 5 tí ọ̀yà fi ń lóyún, àfi bí ìyá ṣe kú lọ́jọ́ kejì tó bímọ. Ọmọ 4 wà nílẹ̀ tí ebi ń pa. Gbèsè kò sì bá ìyá kú.

Èmi fúnra mi ti jìyà rẹ̀ rí. Mo bu mílíìkì aládùn, èyí tó ki bí oyin nínú agolo, mo fi omi gbígbóná pò ó fún ọmọ 3. Wọ́n ń lá a, inú mi ń dùn. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ìgbẹ́ gbuuru ti pa méjì. Ìkẹta kú nítorí pé mo dá a dùbúlẹ̀ sẹ́yìn bí ọmọ èèyàn, mo ń ta mílíìkì sí i lẹ́nu, ó sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Àìmọ̀ mi ló pa wọ́n, kì í ṣe àrùn.

Kí ẹ tó ra agolo kankan, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá abo mìíràn wà tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, nílé yín tàbí lọ́dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn. Bí ọmọ tirẹ̀ àti ọmọ òrukàn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, ẹ fi koríko tí abo náà ń sùn lé ra òrukàn lára kí òórùn wọn lè dọ́gba, kí ẹ rọra gbé e sí àárín àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ jókòó tì í. Bí ó bá ń gé e jẹ, ẹ tètè yọ ọ́. Bí ó bá gbà á, iṣẹ́ ti parí, ẹ kò ní nílò mílíìkì rárá.

Bí kò bá sí irú abo bẹ́ẹ̀, mílíìkì inú agolo tí kò ní súgà ni kí ẹ rà. Òun ni àwọn tó ń sin chinchilla lókè òkun náà máa ń lò. Chinchilla jẹ́ ẹran kékeré onírun múlọ́múlọ́ tó ti orí òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà wá. Òun, ọ̀yà àti òòrẹ̀ jẹ́ ìbátan. Wọn kì í bí ọmọ wọn níhòòhò bí ti èkúté. Ojú ọmọ ti là, irun ti wà lára, kò sì pẹ́ tí yóò fi máa sáré.

Ìwọ̀n mílíìkì 1 sí omi sísè 2 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe mílíìkì yìí, wọ́n ti fa omi tó ju ìdajì lọ kúrò nínú rẹ̀. Bí a bá fún ọmọ ọ̀yà bẹ́ẹ̀, ó ki jù fún inú rẹ̀. Ẹ ka ara agolo náà dáadáa o! Ọ̀pọ̀ tó wà lọ́jà báyìí, òróró ni wọ́n fi rọ́pò ọ̀rá mílíìkì. Bí ẹ bá rí èyí tó ní ọ̀rá mílíìkì gan-an, òun ni kí ẹ mú. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́.

Mílíìkì aládùn kò dára, nítorí súgà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀. Omi ògì kò ní ọ̀rá, kò sì ní ohun tí ń mú ẹran dàgbà. Nọ́nọ́ ti kan, a kò sì mọ ọwọ́ tó kàn án. Ti oúnjẹ ọmọ jòjòló inú agolo ńkọ́? Ọmọ èèyàn ni wọ́n ṣe é fún, ọmọ èèyàn kì í sì í yára dàgbà. Èròjà tí ń kọ́ ara kò pọ̀ nínú rẹ̀ tó ti mílíìkì màlúù.

Ọ̀nà tí a ń gbà fún un ló ṣòro jù. Ẹ ra sìríǹjì kékeré ní kẹ́míìsì, kí ẹ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù. Kí mílíìkì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ kán an sí ẹ̀yìn ọwọ́ yín wò. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ikùn nísàlẹ̀. Ẹ kán ẹ̀kán kan sí ètè rẹ̀, kí ó lá a tán kí ẹ tó kán òmíràn. Bí mílíìkì bá yọ nímú, ẹ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ dorí rẹ̀ kodò díẹ̀, kí ẹ nù ún. Mílílítà 1 sí 2 tó lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ní wákàtí 2 sí 3, àti lóru pẹ̀lú. Ẹni tí kò lè jí lóru, kí ó wá ẹni tí yóò bá a jí. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ dà á nù, ẹ má tọ́jú rẹ̀ di ìgbà mìíràn. Ẹ bo gbogbo ohun èlò kí eku má baà dé ibẹ̀, nítorí ibà Lassa ń jà ní ìpínlẹ̀ wa.

Ẹ fi òwú tútù tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ra á nídìí lẹ́yìn oúnjẹ kí ó lè tọ̀ kí ó sì yàgbẹ́. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n kékeré, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, láràárọ̀. Bí ó bá ń fúyẹ́ sí i fún ọjọ́ méjì, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣàn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Láti ọjọ́ kejì, ẹ máa fi ewé èèsún tútù díẹ̀díẹ̀ sí iwájú rẹ̀, èyí tí ẹ ti sá kí ìrì tàbí omi òjò gbẹ lára rẹ̀. Yóò máa jẹ ẹ́ ní rínrín. Bí ó bá ti ń jẹ ẹ́ dáadáa, ẹ dín mílíìkì òru kù, lẹ́yìn náà ti ọ̀sán. Ní bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, koríko, ìrèké àti pòròpórò àgbàdo ti tó fún un.