Bí A Ti Ń Lé Afẹ́fẹ́ Kúrò Nínú Kílọ́ọ̀ṣì Ọkọ̀ Ẹgbẹ́



Nígbà tí a ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, a rí i pé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ra òróró bíréèkì sí kílọ́ọ̀ṣì bọ́ọ̀sì tó ń kó àgbọn wọn lọ sí Ẹ̀pẹ́. Rìsíìtì pé, a kò dá akọ̀wé lẹ́bi. Ṣùgbọ́n òróró yìí kì í jó tán bí epo pẹtiróòlù. Bí ó bá ń dín, ó ń jò ni.

Ẹ wo ọ́pà lókè pẹ́dà, kí ẹ wo lówà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí jíà. Èyí tó bá tutù fún òróró ni kí ẹ pààrọ̀. Afẹ́fẹ́ á ti wọ inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fún pọ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́. Òróró kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí pẹ́dà fi ń rì, tí jíà kò sì wọlé.

Ẹ fi òkúta dí táyà. Òróró tí wọ́n kọ sórí ìdérí ike ni kí ẹ rọ, DOT 3 tàbí DOT 4. Ẹ má rọ ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì, yóò wú rọ́bà inú rẹ̀. Ẹ ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ nọ́ọ̀tì kékeré ara lówà, kí ẹnu rẹ̀ kejì wà nínú òróró ìgò. Ẹnì kan á tẹ pẹ́dà, á dì í mú. Ẹnì kejì á tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, á tún un dì, kí ẹsẹ̀ tó gbéra. Ẹ ṣe é títí ìfóòfó kò fi ní jáde mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ike gbẹ.

Iyọ̀ òkun máa ń mú nọ́ọ̀tì yìí dípẹtà. Ẹ ta epo sí i mọ́jú. Ẹ má fi agbára tú u, yóò kán.

Lẹ́yìn náà, ẹ fàmì sí ibi tí òróró dé lára ike, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà sínú ìwé ọkọ̀.