Oúnjẹ Abiyamọ, Omi Ọmú àti Ìdàgbàsókè Ọmọ-Ọwọ́: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ Yorùbá

Ìfáárà

Ìtọ́jú oyún, ìbímọ àti ìtọ́jú ọmọ wà lára àṣà tí a ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ iṣẹ́ Yorùbá. Èèwọ̀, àgbo àti ìsọmọlórúkọ ni olùkọ́ sábà máa ń tẹnu mọ́. Ohun tí ìyá ń jẹ lẹ́yìn ìbímọ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ yọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ìwádìí ìjọba lórí ìlera àti iye ènìyàn ní Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, 37 ni kò ga tó bí ó ṣe yẹ. Nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, 29 péré ni ó ń mu ọmú nìkan láìsí omi, àgbo tàbí ògì. Èrò méjì ni iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò: èkínní ni pé omi ọmú ìyá tí kò jẹun dáadáa kò wúlò, èkejì ni pé ohun tí ìyá ń jẹ kò kan ọmọ. Kò sí èyí tí ó tọ̀nà nínú méjèèjì.

Ara Ìyá ni Ó Ń San Án

Ìyá tí ó ń fún ọmọ lọ́mú nìkan ń pèsè nǹkan bí mílílítà 750 omi ọmú lójúmọ́. Láti ṣe èyí, ara rẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bí kálórì 500 lé ní iye tí ó ń jẹ kí ó tó lóyún. Díẹ̀ ń wá láti inú ọ̀rá tí ara kó pamọ́ nígbà oyún. Oúnjẹ ni ó gbọ́dọ̀ pèsè ìyókù. Bí oúnjẹ kò bá tó, omi ọmú kì í tètè gbẹ, kálísíọ̀mù inú rẹ̀ pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ dín kù, nítorí pé egungun ìyá ni a ti ń mú un. Ọmọ lè máa sanra kí ìyá máa rù. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni já ọmọ gbà lẹ́nu ọmú nítorí pé ìyá rù. Ìyá ni kí wọ́n bọ́.

Ohun tí Ó Ń Ti Inú Àwo Bọ́ Sínú Ọmú

Àwọn èròjà mìíràn wà tí ara ìyá kò lè yá ọmọ fún ìgbà pípẹ́. Fítámínì A, B1, B12 àti áyódíìnì wà lára wọn: bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó nínú oúnjẹ ìyá ni wọn yóò ṣe pọ̀ tó nínú omi ọmú. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà màlúù ni B12 wà. Bí ìyá kì í bá fẹnu kan ọ̀kankan nínú wọn, ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ ọmọ lè fara gbá a. Epo pupa, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ìbẹ́pẹ pípọ́n ń fún ara ní fítámínì A, ṣùgbọ́n epo tí a gbé kaná títí tí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí ti pàdánù rẹ̀. Iyọ̀ tí a fi áyódíìnì sí ni ó dára fún ọbẹ̀.

Ibí yìí ni èèwọ̀ ti wọ ọ̀rọ̀. Ní àwọn ìdílé kan, aboyún kì í jẹ ìgbín kí ọmọ má baà máa da itọ́. A kì í sì í fún ọmọdé ní ẹyin kí ó má baà di olè. Bí irú èèwọ̀ yìí bá bá obìnrin dé ìgbà ọmú, tí ẹran ńlá sì jẹ́ ti baálé, ẹ̀wà àti edé nìkan ni yóò kù fún un, bí ó bá rí wọn. Yorùbá ní oúnjẹ ni ọ̀rẹ́ àwọ̀. Ti abiyamọ jẹ́ ọ̀rẹ́ àwọ̀ ènìyàn méjì.

“Omi Ọmú Mi Kò Tó”

Gbólóhùn yìí ni ó ń mú omi àti àgbo wọlé. Bí ọmọ bá ṣe ń mu ọmú sí i ni ọmú ń ṣe omi sí i. Omi tí ó bá kún inú ọmọ yóò dín ìgbà tí ó ń mu ọmú kù. Omi ọmú yóò wá dín kù lóòótọ́. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú omi ọmú, omi gan-an ni. Ó tó ọmọ nínú ọ̀gbẹlẹ̀ pàápàá. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi ọmú àkọ́kọ́ tí ó ní àwọ̀ ìyeyè, tí àwọn kan ń fún dànù pé ó dọ̀tí: inú rẹ̀ ni ohun tí ń gbógun ti àrùn pọ̀ sí.

Lẹ́yìn Oṣù Mẹ́fà

Láti oṣù 6, ọmọ nílò oúnjẹ mìíràn, kí ó sì máa mu ọmú lọ títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1935, dókítà Cicely Williams, tí ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, lo orúkọ kan láti inú èdè Gã, kwashiorkor, fún àìsàn tí ó ń ṣe ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nígbà tí àbúrò dé, tí a sì ń fi ògì àgbàdo nìkan bọ́. Àwọn ìyá ilẹ̀ náà ti fi orúkọ yìí sọ ohun tí ó fà á kí oníṣègùn tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ògì nìkan kò tó. Ẹ̀wà lílọ̀, ẹja tàbí ẹyin ni kí a fi kún un.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ olùkọ́ kì í ṣe láti fi àwọn àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Oúnjẹ gbígbóná, ìwẹ̀ àti ìsinmi tí ìyá àgbà ń fún abiyamọ dára. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ èyí yàtọ̀ sí èèwọ̀ tí ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Kí ó kọ́ wọn láti béèrè nílé ohun tí abiyamọ jẹ lánàá, kí wọ́n sì wo káàdì ìwọ̀n ọmọ láti ilé ìwòsàn. Nígbà tí nǹkan bá le, Yorùbá a máa ní ó di kí ọlọ́mú dá ọmú ìyá rẹ̀ gbé. Nínú ilé tí abiyamọ wà, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀: gbogbo ilé ni ó yẹ kí ó bá a gbé e.