Ìwé Orúkọ Níbi Ìdánilẹ́kọ̀ọ́: Kí Ni Ká Kọ, Kí Ni Ká Fi Sílẹ̀?

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ wa kì í ṣe ti kòkòrò, kì í sì í ṣe ti ajílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé tí wọ́n máa ń gbé yíká níbi ìpàdé ni. Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n: wọ́n á fa ìlà sí i, wọ́n á ní kí ẹ kọ orúkọ, abúlé, nọ́ńbà fóònù àti iye éékà, kí ẹ wá buwọ́ lù ú. Ẹni tó bá kọ tirẹ̀ tán á tì í sọ́dọ̀ ẹni tó jókòó tì í.

Mo wà níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí a ṣe fún àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí. Ìwé yẹn yíká dáadáa. Nígbà tí a parí, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìpàdé, kí gbogbo èèyàn lè rí àwọn tó wá. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí fóònù àwọn ìyá wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹni tó ń pè mọ orúkọ wọn, ó mọ abúlé wọn, ó sì mọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n wá kọ́. Ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ti jáde fún ẹgbẹ́ wọn, kí oníkálukú fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kíákíá. Ìyá mẹ́ta ló fi owó ránṣẹ́, wọn ò sì rí i gbà padà. Wọ́n ní ògiri létí. Tiwa ní ẹnu pẹ̀lú. Èmi náà wà lára àwọn tó ṣètò ìpàdé yẹn, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí.

Bí àgbàlagbà kan bá ní òun ò kọ orúkọ, ẹ má tètè pè é ní aláìlajú. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àwọn bàbá wa tó rí ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà ní 1968 sí 1969 mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó orí ló dá wàhálà yẹn sílẹ̀. Ẹni tójú rẹ̀ bá rí irú ìyẹn, tí àlejò bá gbé bírò jáde tó ní, "Bàbá, éékà mélòó lẹ ní?", ó di dandan kó kọ́kọ́ ronú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: àwọn tó ń ṣètò kò lè ṣiṣẹ́ láìkọ nǹkan sílẹ̀. Ní 2012, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí àgbẹ̀ fi ń ra ajílẹ̀ ní ìdajì owó, orí fóònù ni iṣẹ́ tí wọ́n ń rán sí àgbẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹni tó bá kọ nọ́ńbà ọmọ tó ti lọ sí Èkó, ọwọ́ ọmọ ni iṣẹ́ náà máa já sí. Bákan náà, tí a bá fún yín ní irúgbìn àgbàdo lọ dánwò, a gbọ́dọ̀ mọ oko tí a máa wá wò. Ẹni tó bá sì fúnni lówó ètò fẹ́ mọ̀ pé èèyàn wá lóòótọ́.

Ìbéèrè tó yẹ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ bi ara rẹ̀ kó tó fa ìlà ni pé: iṣẹ́ wo ni èyí fẹ́ ṣe? Oúnjẹ kò nílò orúkọ, iye ẹnu ló nílò. Ẹ ka orí, ó tán. Òfin ìdáàbòbò ọ̀rọ̀ ara ẹni tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà, 2023, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ohun tí a bá gbà fún iṣẹ́ kan, iṣẹ́ yẹn ni ká fi ṣe, ká má gbà ju èyí tí iṣẹ́ náà fẹ́ lọ, ká má sì tọ́jú rẹ̀ kọjá ìgbà tó wúlò. Ẹ̀yin tí ẹ kọ orúkọ ní ẹ̀tọ́ láti rí ohun tí a kọ nípa yín, kí ẹ sì ní ká tún un ṣe tó bá lòdì.

Ọ̀nà tí àwa ń gbà báyìí nìyí. Ìwé méjì la ń lò. Èyí tó ń yíká, orúkọ àti abúlé nìkan ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àyè tí ẹ máa tẹ̀ka sí. Nọ́ńbà fóònù àti iye éékà wà nínú ìwé kejì, orí tábìlì nìyẹn máa ń wà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọ ọ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan á lọ bá a níbẹ̀, kì í sì í kígbe ohun tí wọ́n bá sọ. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ o, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó mú.

Tábìlì yìí ṣe pàtàkì fún àwọn ìyá wa jù. Obìnrin lè ní ilẹ̀ ata kékeré, tàbí kó máa dá èsúsú, kó má fẹ́ kí àwọn ará ilé ọkọ mọ iye rẹ̀. Kò jalè, owó ilé ìwé ọmọ ló ń tọ́jú. Tí ẹ bá kọ ọ́ sí ìwé tó ń yíká, ó lè dé ilé ṣáájú rẹ̀. Ẹ bi í pẹ̀lú: "Ìyá, fóònù ta nìyí?" Tó bá jẹ́ ti ọkọ, ẹ má fi ọ̀rọ̀ èsúsú ránṣẹ́ síbẹ̀.

Níbi ẹ̀kọ́ oògùn apakòkòrò, ẹ má kọ aboyún sílẹ̀. Ẹ kéde fún gbogbo èèyàn pé kí aboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú àti ẹni tí èémí ń dà láàmú jìnnà sí ibi tí a ti ń fọ́n oògùn. Ẹni tó kàn á ti gbọ́. Tí a bá sì fẹ́ ka iye àpò tí oko kọ̀ọ̀kan mú wá, Oko 1, Oko 2 la máa pè é. Inú ìwé òṣìṣẹ́ agíríkì ni orúkọ olóko wà.

Ní ti owó, ẹni tó fẹ́ fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí yín, orúkọ yín, orúkọ báńkì àti nọ́ńbà àkáǹtì oní-10 ti tó o. BVN àti NIN, oní-11 ni àwọn yẹn, kò sí ohun tí wọ́n ń wá nínú ìwé ìpàdé. Tí ètò ìjọba kan bá béèrè NIN, ẹ ní kí ẹni tó ń gbà á sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, kó sì kọ ọ́ sọ́tọ̀. PIN káàdì yín ńkọ́? Ará báńkì pàápàá kò gbọ́dọ̀ bi yín.

Ìwé tábìlì yẹn, ẹ tì í mọ́ inú àpótí lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ẹ má yà á ní fọ́tò sórí fóònù. Nígbà tí ìkórè bá parí, tí a ti wá wo oko, tí kò sì sí ìṣirò tó kù, kí alága àti akọ̀wé jọ dáná sun ún. Ẹ má tà á fún alákàrà.