Kọ́rẹ́ńtì Kì í Dín Lójú Ọ̀nà, Fólítéèjì Ni Wọ́n Ń Pín

Ẹ̀kọ́ yìí wà fún àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ iná àti àwa tí a kàn ń tan iná ní yàrá.

Bí a bá to gílóòbù méjì tẹ̀lé ara wọn sójú wáyà kan ṣoṣo, bí ẹni sín ìlẹ̀kẹ̀, síríìsì nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gílóòbù àkọ́kọ́ yóò jẹ nínú kọ́rẹ́ńtì, kí ó tó ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ìkejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ́rẹ́ńtì ni ìṣàn iná. Kò sí orítá tí yóò yà sí. Iye tó wọlé náà ló ń jáde. Fólítéèjì, agbára tó ń ti iná lọ, ni wọ́n ń pín. Èyí tí ìdènà rẹ̀ pọ̀ ní ń gba ìpín tó pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bátìrì fólítì 12 ń ti iná gba inú ìdènà óòmù 2 àti óòmù 4. Àpapọ̀ ìdènà jẹ́ óòmù 6. Òfin tí Georg Ohm, ará Jámánì, tẹ̀ jáde ní 1827 ní kí á fi ìdènà pín fólítéèjì: 12 ÷ 6 = ámpíà 2. Ámpíà 2 yìí ló ń gba inú méjèèjì kọjá. Ìpín àkọ́kọ́: 2 × 2 = fólítì 4. Ìpín ìkejì: 2 × 4 = fólítì 8. Ẹ ro wọ́n pọ̀, 12 ló pé.

Ó kan àpò wa náà. Ẹnìkan lè ní gílóòbù àtijọ́ méjì, oníwáyà tín-ín-rín, tí wọ́n ṣe fún iná fólítì 120 ti Amẹ́ríkà. Iná ilé wa jẹ́ 230. Ó lè sọ pé, "N ó to méjèèjì ní síríìsì, wọn á pín in." Bí wáàtì wọn bá dọ́gba, 115 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá jẹ́ wáàtì 60, tí èkejì jẹ́ 100 ńkọ́? Gẹ́gẹ́ bí iye ara wọn, ìdènà ti 60 jẹ́ óòmù 240, ti 100 jẹ́ 144. Nítorí náà, 60 yóò gba nǹkan bí fólítì 144, 100 yóò gba 86. Èyí tí a pè ní kékeré ni yóò mọ́lẹ̀ jù, òun náà ni yóò sì tètè jó. Bí ó bá ti jó, ọ̀nà já, èkejì náà kú nìyẹn.

Ẹ má ṣe fi iná ògiri dán an wò o. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì àti gílóòbù kéékèèké tó. Bí ìbéèrè síríìsì bá sì dé nínú ìdánwò, ẹ kọ́kọ́ wá kọ́rẹ́ńtì, nítorí ọ̀kan náà ni níbi gbogbo. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá pín fólítéèjì.